Yíyan kọ́ọ̀sì fún ọmọ wa ní high school Amẹ́ríkà, kí ilẹ̀kùn yunifásítì ńlá má bàa tì kí ó tó dé ibẹ̀

Láàárín oṣù kìíní sí oṣù kẹta lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà máa ń fún ọmọ ní fọ́ọ̀mù kan mú lọ sílé: ẹ yan kọ́ọ̀sì tí ọmọ yín máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, kí òbí sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí àkọ́bí mi wà ní Grade 7 (bíi JSS1 tiwa), ó gbé tirẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń wọ bàtà láti lọ síṣẹ́ alẹ́. "Mọ́mì, ẹ bá mi sáìn ín." Mo gbé e lé ẹ̀gbẹ́ sítóòfù, mo sáìn ín. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Algebra 1 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, a kò fi àmì sí i. Ó di Grade 11 kí n tó mọ̀ pé àpótí yẹn ni kò jẹ́ kí ọmọ mi dé Calculus, ìṣirò tó wà lókè àkàbà, kó tó jáde.

Mi ò ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé yunifásítì kankan rí o. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, ẹ̀gbẹ́ Houston là ń gbé, méjì ti wọ yunifásítì, ìkẹta ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo fi owó, ẹkún àti ìpàdé pẹ̀lú counselor (ẹni tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́) kọ́ ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí, fún òbí tí ọmọ rẹ̀ wà láàárín Grade 7 sí 12, àti fún ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ láti kó ọmọ rẹ̀ bọ̀ láti Nàìjíríà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ JAMB kúrò lọ́kàn

Ohun tó ń ṣì wá lọ́nà jù nìyí. Àwa tí a ṣe WAEC, ọjọ́ ìdánwò la mọ̀. Èèyàn lè ṣeré ní SS1, kó ṣeré ní SS2, kó wá fi oṣù mẹ́fà jókòó ti ìwé, kó sì gba máàkì tó máa gbé e wọ Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀. Níbí, kò sí ọjọ́ kan bẹ́ẹ̀. SAT wà, ACT wà, ìyẹn ìdánwò ìgbaniwọlé, àwọn yunifásítì kan sì ti tún ń béèrè ìdánwò lẹ́yìn Kòrónà: MIT lọ́dún 2022, Dartmouth, Yale, Brown àti Harvard lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n ìdánwò yẹn kò lè bo àṣírí transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo kọ́ọ̀sì tí ọmọ ṣe láti Grade 9 dé Grade 12 àti ohun tó gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun méjì ni wọ́n ń wò pọ̀ níbẹ̀: ṣé ọmọ yìí gba A, kí sì ni ó ti gba A ọ̀hún? A nínú kọ́ọ̀sì tó rọ̀ kò wúwo tó A nínú èyí tó le.

Ohun kejì tó tún yẹ kí a yọ lọ́kàn ni Science, Art àti Commercial. Wọn kì í pín ọmọ bẹ́ẹ̀ níbí. Ìyá kan tí a jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní kí ọmọ òun fi History àti Spanish sílẹ̀ lẹ́yìn Grade 10, torí pé "dókítà ló fẹ́ ṣe". Yunifásítì tí ọmọ náà ń fojú sí sì fẹ́ rí ohun márùn-ún: English, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn, àti èdè ilẹ̀ òkèèrè kan. Harvard kọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á: ọdún mẹ́rin English, mẹ́rin ìṣirò, mẹ́rin sáyẹ́ǹsì, mẹ́ta ìtàn, mẹ́rin èdè kan ṣoṣo. MIT tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ pàápàá ń béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ tíṣà méjì, ọ̀kan láti ìhà ìṣirò tàbí sáyẹ́ǹsì, èkejì láti ìhà English, ìtàn tàbí èdè. Ta ló máa kọ èkejì fún ọmọ tó ti sá fún gbogbo wọn láti Grade 10? Ní ti dókítà, lẹ́yìn digirì àkọ́kọ́ ni àwọn tó pọ̀ jù ń wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn níbí. Kò sí ohun tó ń lé wa.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ yín ní

Kí ẹ tó béèrè pé AP (Advanced Placement, kọ́ọ̀sì high school tó le bíi ti yunifásítì) mélòó ló tó, ẹ wá ìwé méjì. Àkọ́kọ́ ni course catalog, tó to gbogbo kọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ náà àti ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ ti ṣe kí ó tó wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni school profile, ojú ewé mélòó kan péré, tí counselor máa ń fi ránṣẹ́ sí yunifásítì pẹ̀lú transcript ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ iye ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́, AP tí wọ́n ń kọ́, bí wọ́n ṣe ń ṣírò GPA (ìpíndọ́gba máàkì ọmọ), àti bóyá òfin wà pé ọmọ kò lè ṣe AP kí ó tó dé kíláàsì kan. Òbí kì í sábà rí i. Ẹ wá a lórí ìkànnì ilé ẹ̀kọ́; bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè, kì í ṣe ìwé àṣírí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ọmọ yín ní yunifásítì kò kọ́kọ́ fi í wé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ olówó ní Boston. Ohun tí ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ gbé kalẹ̀ fún un ni ó ń wò. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní AP mẹ́rin, tí ọmọ ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo ohun tó wà nínú àwo ló ti jẹ yẹn. Bí wọ́n bá ní AP márùndínlọ́gbọ̀n, tí ọmọ ṣe mẹ́rin péré, wọ́n á fẹ́ mọ ìdí. Nítorí náà, ìbéèrè "AP mélòó?" tí à ń bi ara wa níbi ìnáwó kò ní ìdáhùn kan tó bá gbogbo ọmọ mu. Iye tó gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé ní Maryland lè kéré fún tèmi ní Texas, ó sì lè pọ̀ jù fún tìrẹ.

Counselor náà ní ìwé tirẹ̀ tó ń kún. Ju 1,000 yunifásítì lọ ni ó ń lo Common App, fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé kan náà fún gbogbo wọn, ìbéèrè kan sì wà fún counselor níbẹ̀: bí ẹ bá fi ọmọ yìí wé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń múra yunifásítì, báwo ni kọ́ọ̀sì tó yàn ṣe le tó? Ìdáhùn tó ga jù ni "most demanding". Ọ̀rọ̀ méjì yẹn lẹ̀ ń wá. Ẹ lọ bá counselor nígbà tí ọmọ wà ní Grade 9, ẹ má dúró di Grade 12, kí ẹ bi í báyìí: "Kí ni ọmọ gbọ́dọ̀ ti ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ yìí kí ẹ tó lè yan most demanding fún un?" Kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ kọ ímeèlì sí i pé ẹ ṣeun, kí ẹ to ohun tó sọ sínú rẹ̀. Ọmọ tó wà lọ́rùn counselor kan pọ̀ jọjọ. Àwa tí ìtìjú kì í jẹ́ ká yọjú, kí wọ́n má bàa ní a ń yọ àwọn lẹ́nu, ọmọ tiwa ni wọn kì í mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ óò rántí àwòrán tó yí WhatsApp ká lọ́dún 2015, ti Harold Ekeh, ọmọ tí wọ́n bí sí Nàìjíríà, tí yunifásítì Ivy League, àwọn olókìkí bíi Harvard àti Yale, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tún gba Augusta Uwamanzu-Nna, ọmọ Nàìjíríà náà. Mo fi àwòrán yẹn han àwọn ọmọ mi, mo sì béèrè ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń béèrè: ṣé orí méjì ni wọ́n ní ni? Mi ò rò ó rárá nígbà náà pé ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti jáde, Elmont Memorial High School ní Long Island. Ohun tó yẹ kí n béèrè ni ohun tí ilé ẹ̀kọ́ yẹn gbé síwájú ọmọ àti ẹni tó tì wọ́n lọ síbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àkàbà ìṣirò

Bí ẹ bá fẹ́ ka apá kan péré nínú gbogbo èyí, ẹ ka ibí. Nínú àwọn kọ́ọ̀sì yòókù, ọmọ lè pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó sì lé bá. Ìṣirò kò rí bẹ́ẹ̀. Àkàbà ni, ó ní ẹsẹ̀ márùn-ún níbi tó pọ̀ jù: Algebra 1, Geometry, Algebra 2, Precalculus, Calculus. Ọdún kan ni ẹsẹ̀ kan. High school sì jẹ́ ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ Algebra 1 ní Grade 9, Precalculus ni yóò wà ní Grade 12. Ẹni tó fẹ́ dé Calculus láìsáré gbọ́dọ̀ ti ṣe Algebra 1 ní Grade 8. Kí ó tó ṣe é ní Grade 8, wọ́n gbọ́dọ̀ ti fi í sí ọ̀nà ìṣirò tó yá láti Grade 6. Ẹ rí i pé ọmọ ọdún mọ́kànlá là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nígbà tí òbí rò pé yunifásítì ṣì jìn.

MIT kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣirò tó dé Calculus ni àwọn ń gbà ní ìmọ̀ràn. Caltech ń béèrè Calculus, Physics àti Chemistry. Fún ọmọ tó fẹ́ ṣe engineering, computer science tàbí physics ní yunifásítì tó ń ṣa ọmọ gan-an, àìdé Calculus nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní i jẹ́ ihò ńlá. Àkọ́bí mi wọ yunifásítì, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ka engineering tó fẹ́ kò gbà á.

Ohun tí ẹ lè ṣe bí ọmọ yín bá ti pẹ́ lórí àkàbà:

Àkọ́kọ́, ẹ béèrè bóyá ó lè ṣe Geometry nígbà ọlidé gígùn, lẹ́yìn Algebra 1. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ni, ó sì le, torí pé iṣẹ́ ọdún kan ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe dá ìrìn àjò sí Nàìjíríà lọ́dún yẹn.

Ọ̀nà kejì ni kí ó ṣe Geometry àti Algebra 2 pọ̀ lọ́dún kan náà. Lójú tèmi, èyí ló dára jù fún ọmọ tí ìṣirò ń yé, torí pé Algebra 2 kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ìmọ̀ Geometry.

Ní Texas níbí, credit by exam tún wà: ọmọ tí kò jókòó ní kíláàsì lè ṣe ìdánwò kọ́ọ̀sì náà, bó bá gba 80 nínú 100, wọ́n á kà á sí i pé ó ti ṣe é. Ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ yín ní ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é. Òfin kan tún jáde ní Texas lọ́dún 2023 pé ọmọ Grade 5 tó bá wà láàárín ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣe dáadáa jù nínú ìṣirò, kí wọ́n fi í sí ìṣirò tó yá ní Grade 6 láìjẹ́ pé òbí bẹ̀bẹ̀. Ó pẹ́ jù fún àkọ́bí mi. Ó bá àbíkẹ́yìn mi.

Bí ilé ẹ̀kọ́ yín kò bá ní Calculus rárá ńkọ́? Wọn kò ní fi ìyẹn jẹ ọmọ níyà. Lọ́dún 2023, Caltech kéde pé ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní Calculus, Physics tàbí Chemistry lè kọ́ ọ lórí Khan Academy, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kó sì fi ìdánwò Schoolhouse.world jẹ́rìí rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ ṣe ìtàn tàbí òfin sì lè fi AP Statistics parí láìbẹ̀rù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pe kọ́ọ̀sì tó le

Honors ni ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ṣe. Ó le ju ti gbogbogbòò lọ, àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn yàtọ̀.

AP jẹ́ ti àjọ kan tó ń jẹ́ College Board. Ìdánwò rẹ̀ kan náà ni fún gbogbo ilẹ̀, oṣù karùn-ún ni wọ́n ń ṣe é, 1 sí 5 ni máàkì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba á fún ọmọ ní kírédíìtì (ìyẹn ni pé wọ́n á kà á sí i pé ó ti ṣe kọ́ọ̀sì náà) bó bá gba 3; àwọn tó ń ṣà gan-an lè fẹ́ 4 tàbí 5, àwọn kan kì í sì fún un ní nǹkan kan. Nǹkan bíi 100 dọ́là ni owó ìdánwò kan. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kéré lè rí ẹ̀dínwó gbà, ẹ béèrè. Inú oṣù kọkànlá ni wọ́n sábà ń parí ìforúkọsílẹ̀, kì í ṣe oṣù karùn-ún.

IB (International Baccalaureate) wá láti Geneva, ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Odindi ètò ni: kọ́ọ̀sì mẹ́fà fún ọdún méjì, mẹ́ta nínú rẹ̀ ó kéré tán ní ìpele gíga, àròkọ gígùn kan, àti kíláàsì Theory of Knowledge. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ máàkì 45. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ìwé kíkọ ló ń gbádùn rẹ̀.

Dual enrollment ni kí ọmọ high school máa ṣe kọ́ọ̀sì yunifásítì, ní community college lọ́pọ̀ ìgbà. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, bíi Florida, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kì í san owó ìwé fún un. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: máàkì tó bá gbà níbẹ̀ ti di ti yunifásítì, títí láé. Ọmọ tó gba D ní dual enrollment lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún ṣì máa fi í hàn nígbà tó bá ń wá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wọn ẹrù kí ẹ tó gbé e lé ọmọ lórí

Ibí ni èmi ti ṣe àṣìṣe kejì. Ìbànújẹ́ ti àkọ́bí ló sún mi sí i. Nígbà tó kan èkejì, ọmọbìnrin, mo ní kò sí ohun tó máa sá fún. AP mẹ́fà ni a kó lé e lórí ní Grade 11. Títí di aago kan òru ni iná yàrá rẹ̀ ń tàn. Ó gba C méjì lọ́dún yẹn, ó sì fi bọ́ọ̀lù afọwọ́gbá tó ń gbá láti kékeré sílẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé nígbà tí mo lọ bi counselor, ó ní AP mẹ́ta ti tó fún "most demanding" ní Grade 11 níbẹ̀. Mi ò béèrè tẹ́lẹ̀.

Ìwọ̀n tí mo fi ń ṣe é báyìí nìyí. Ní Grade 9, kí ọmọ ṣe Honors nínú ohun tó mọ̀, pẹ̀lú AP kan ṣoṣo bí ilé ẹ̀kọ́ bá fàyè gbà á. AP Human Geography ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń fi bẹ̀rẹ̀. Ní Grade 10, ọ̀kan tàbí méjì. Ní Grade 11, mẹ́ta, mẹ́rin fún ọmọ tó lágbára. Ní Grade 12, bíi ti Grade 11, kó má lọ sílẹ̀. Kí èyí tó le jù wà ní ìhà ibi tí ọmọ ń lọ: ẹni tó fẹ́ engineering kò gbọdọ̀ ní AP Psychology àti AP Environmental Science kó wá máa sá fún AP Physics. Ẹni tó ń ka ìwé rẹ̀ mọ èyí tó rọ̀ àti èyí tó le.

Wọ́n á bi yín pé èwo ló dára, A nínú kíláàsì gbogbogbòò ni tàbí B nínú AP? Àwọn ará yunifásítì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní A nínú AP ni. Ẹ̀fẹ̀ yẹn ti gbó. Tèmi ni pé bí ẹ bá rí i pé B ni ọmọ máa gbà, tó sì máa kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ C ni, ẹ fà á sẹ́yìn. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ bá tíṣà tó ń kọ́ ọ báyìí, kó bi í pé: "Ṣé ẹ rò pé mo lè ṣe AP yìí?" Tíṣà mọ̀ ju òbí lọ, ó sì mọ̀ ju ọmọ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó kà wákàtí: bọ́ọ̀lù tàbí akọrin, ìrìn àjò, iṣẹ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti oorun. Ohun tó bá kù ni ti AP. Nínú ilé wa, bí oorun bá ti dín sí wákàtí méje nínú ìṣirò yẹn, kọ́ọ̀sì kan gbọ́dọ̀ kúrò. Ọmọbìnrin mi ló fi òfin yẹn lélẹ̀ fún àbúrò rẹ̀.

Ẹ tún béèrè ọjọ́ tí àyè á tì láti fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń gba ọmọ láyè ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè hàn lórí transcript.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: GPA tí ẹ ń rí lè má jẹ́ èyí tí wọ́n ń wò

Oríṣi méjì ni GPA. Èyí tí kò ní ẹ̀bùn, A jẹ́ 4.0 níbi yòówù kí ó ti wá. Èyí tó ní ẹ̀bùn, A nínú AP lè di 5.0. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń ṣe tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ yunifásítì fi ń tún un ṣírò. University of California ní ìlànà tirẹ̀: ó fẹ́ kọ́ọ̀sì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n pè ní a-g, máàkì Grade 10 àti 11 ni ó ń fi ṣe GPA, ẹ̀bùn kọ́ọ̀sì tó le kò sì lè ju ti sáà mẹ́jọ lọ, mẹ́rin péré nínú rẹ̀ láti Grade 10. Wọn kì í wo SAT rárá. Ẹni tó ń gbé California tó ń kó AP jọ torí GPA yẹn nìkan, ó ní ibi tí ẹ̀bùn náà dúró sí.

Texas yàtọ̀. Láti ọdún 1997 ni òfin ti wà pé ọmọ tó bá wà nínú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tó wà lókè jù ní kíláàsì rẹ̀ ní ọ̀nà tààrà sí yunifásítì ìjọba. UT Austin (University of Texas ní Austin) nìkan ni wọ́n gbà láyè láti dín in kù: mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni fún ọdún bíi mélòó kan, ó di márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó ń wọlé ní ìgbà ìwọ́wé 2026. Níbi tí ipò ọmọ nínú kíláàsì bá ti jẹ́ ti GPA tó ní ẹ̀bùn, ọmọ tó ń gba A nínú kọ́ọ̀sì tó rọ̀ lè já sẹ́yìn ẹni tó ń gba B nínú AP. Ohun méjì ni àwa òbí kì í mọ̀. Àkọ́kọ́, òfin náà fẹ́ kí ọmọ jáde pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń pè ní Distinguished Level of Achievement, tí Algebra 2 wà nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà ní Grade 9 tí wọ́n á fún yín kí ẹ fọwọ́ sí, ẹ kà á. Èkejì, yunifásítì lòfin mú dá ọmọ lójú, kì í ṣe ẹ̀ka tó fẹ́. Engineering àti nursing ṣì ń ṣà.

Ìgbésẹ̀ keje: Yorùbá ọmọ yín lè wúlò

Inú mi dùn láti kọ èyí. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Seal of Biliteracy. California ló kọ́kọ́ sọ ọ́ dòfin lọ́dún 2011. Wọ́n á fi lé ìwé ẹ̀rí ọmọ tó bá fi hàn pé òun gbọ́ èdè méjì, tó lè kà wọ́n, tó sì lè kọ wọ́n. Ìdánwò èdè kan tó ń jẹ́ STAMP, ti ilé iṣẹ́ Avant, ní ti Yorùbá. Ẹ bi counselor bóyá wọ́n ń gbà á, ẹ sì bi í bóyá ó lè di kírédíìtì èdè ilẹ̀ òkèèrè. Ẹ kíyè sí "kà" àti "kọ". Ọmọ tó lè sọ "ẹ káàárọ̀ mà" àti "ebi ń pa mí" kò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tó ti ń bá màmá àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọọjọ́ Sunday, tó tún lè ka Bíbélì Yorùbá, òun ló sún mọ́ ọn. Síbẹ̀, mi ò ní ní kí ẹ fi èyí dípò ọdún mẹ́rin Spanish tàbí French ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fi kún un.

Fún ẹni tó ń kó ọmọ bọ̀ láti Nàìjíríà

Ọjọ́ tí ẹ bá mú ọmọ wọ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á fún yín ní ìwé kan tó ń béèrè èdè tí ẹ ń sọ nílé. Bí ẹ bá kọ Yorùbá, tó sì jẹ́ òótọ́, wọ́n á dán ọmọ wò nínú English, bó tilẹ̀ jẹ́ pé English ló fi kàwé láti jẹ́lé-ó-sinmi. Kò sí ohun tó burú nínú ìdánwò yẹn. Ohun tó burú ni kí ọmọ tó gba A nínú Junior WAEC wá rí ara rẹ̀ ní kíláàsì ESL (ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ English) nítorí pé ẹ̀rù bà á tàbí pé kò gbọ́ ohùn tó ti inú ẹ̀rọ jáde, kí àyè Biology Honors sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Òbí ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò fẹ́ kí ọmọ òun wà nínú ètò ESL. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ kó report card JSS1 títí dé ibi tó bá dé bọ̀, pẹ̀lú síléèbù ìṣirò bí ẹ bá lè rí i. JSS3 wa ni Grade 9 tiwọn. Mathematics tiwa kó Algebra, Geometry àti Statistics pọ̀, ilé ẹ̀kọ́ níbí kì í mọ ibi tí wọ́n máa fi í sí, wọ́n á kàn fi ọmọ sí Algebra 1. Ẹ ní kí wọ́n dán an wò kí ìwé kíláàsì tó jáde, lọ́sẹ̀ tí ẹ dé gan-an. Bí ọdún bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro láti gbé e sókè.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn: àǹfààní tó wà gan-an

Ẹ ṣí Google, ẹ kọ orúkọ yunifásítì tí ọmọ ń fẹ́, kí ẹ fi Common Data Set kún un. Ẹ lọ sí apá C7. Ibẹ̀ ni yunifásítì fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ ohun tó ka sí pàtàkì jù, ìlà kan sì wà fún bí kọ́ọ̀sì ọmọ ṣe le tó. Stanford àti Princeton fi "very important" sí i. Ẹ ṣe é fún yunifásítì mẹ́wàá, ọmọ ni kó ṣe é, ẹ̀yin ẹ wò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo iye tí wọ́n ń gbà. Nínú 100 ọmọ tó kọ̀wé sí Harvard lọ́dọọdún láìpẹ́ yìí, nǹkan bíi mẹ́rin péré ni wọ́n ń gbà. Ọ̀pọ̀ nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún yòókù náà ṣe AP títí ó fi rẹ̀ wọ́n, wọ́n sì gba A. Kọ́ọ̀sì tó le ni ó ń jẹ́ kí wọ́n ka fọ́ọ̀mù ọmọ yín dé ìsàlẹ̀. Ohun mìíràn ló ń mú wọn yàn án. Nítorí náà, kí orúkọ yunifásítì tó wà lórí ìwé yín pín: méjì mẹ́ta tí ó jẹ́ àdúrà, mẹ́rin tí ọmọ bá dọ́gba, méjì tí ó dájú tí owó rẹ̀ kò ní pa yín. Èyí tó dájú yẹn, kí ó jẹ́ ibi tí ọmọ lè lọ láìsunkún.

Grade 12 kì í ṣe ọdún ìsinmi. Counselor ń fi máàkì àárín ọdún ránṣẹ́, ó tún ń fi ti ìparí ránṣẹ́. Yunifásítì lè gba ìwé ìgbàwọlé padà lọ́wọ́ ọmọ tó jẹ́ kí máàkì wó, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹni tí mo mọ̀, ní oṣù keje, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ìnáwó pẹ̀lú aṣọ ẹbí.

Fọ́ọ̀mù ti àbíkẹ́yìn mi dé ní oṣù kejì. Grade 8 ló wà, ó ti ń ṣe Algebra 1. Mo ní kó fi í sórí tábìlì, mo pa iná sítóòfù, a pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fídíò. Geometry Honors, Biology Honors, English Honors, Spanish 2, AP Human Geography. Àyè kan kù. Mo ní computer science, ó ní trombone. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó fun fèrè rẹ̀." A kọ trombone sí i. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sáìn ín.